Má Jẹ̀ẹ́ Kó Dì

Agogo mẹ́rin ìdájí kò tíì lù ní Lemery
tí mo fi gbọ́ igbe Batik.
Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí awọ rẹ̀ tótòtó.
Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi ń gbé omi ìrẹsì àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ bá a,
tí ó ń fi imú tútù gbá mi ní orúnkún.
Igbe kan. Òmíràn. Ààbọ̀ igbe.
Lẹ́yìn náà, àkùkọ nìkan ló kù tó ń sọ̀rọ̀.

Mo fi ìrọ̀rí di etí. Ọ̀la ni ọdún ìlú;
ta ni yóò gbọ́ ti ọmọ ọdún mọ́kànlá
nígbà tí àlejò ń bọ̀ láti Manila?

Lola Sensia ló pè mí. Lola, bí a ti ń pe ìyá àgbà níhìn-ín,
ohùn pẹ̀lẹ́ tí kò ṣe é bá jiyàn.
Abọ́ ńlá tí a fi ń wẹ̀ fún àbúrò mi wà níwájú rẹ̀,
ẹ̀jẹ̀ kún un dé ìdajì, ooru ń jáde lára rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́.
Ó da ọtí kíkan àgbọn sí i, ó wọ́n iyọ̀,
ó di ọwọ́ mi mú, ó tì í bọ inú rẹ̀.
“Rò ó. Má dúró. Má jẹ̀ẹ́ kó dì.”

Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.
Ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn,
kì í ṣe pípọ́n rẹ̀, kì í ṣe òórùn irin tó ń ta mí nímú.
Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́
bí ẹni pé kò tíì gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Mo ń rò ó.
Ọwọ́ ń rò ó, ọkàn ń rò ó.
Fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ ń lọ́ mọ́ mi níka,
mo ń fà á yọ, mo ń sunkún, mo ń rò ó.

Aáyù wọ òróró, àlùbọ́sà tẹ̀ lé e,
ẹ̀dọ̀, ìfun, ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́.
Kí ẹ̀jẹ̀ tó wọlé, Lola bu ìkòkò kékeré kan sápá kan:
“Ti Anselmo.”
Ìjọ ọkọ Tiya Luring kò fàyè gba ẹ̀jẹ̀.
Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ sí i. Ó bò ó, ó padà sídìí iná.
Ẹ̀jẹ̀ wá wọlé. Ó pọ́n, ó rẹ̀, ó ṣú,
ó dúdú kirikiri bí yanrìn etí adágún Taal.
Ata gígùn tútù mẹ́ta, a kò gé wọn,
a rọra tẹ́ wọn sórí rẹ̀ bí ẹni tẹ́ ọmọ sùn.

Dinuguan: inú orúkọ rẹ̀ gan-an ni ẹ̀jẹ̀ wà,
síbẹ̀ Tiyo Berting wo ojú àwọn ọmọ Manila,
ó ní, “Ṣokoléètì ni.”
Wọ́n na àwo. Mo mọ̀, n kò wí nǹkan kan.

Mo lọ jókòó ti Anselmo lẹ́nu ọ̀nà.
Ó ń jẹ ọbẹ̀ rẹ̀ tó funfun,
ó ń ṣí ihò imú sí ìkòkò ńlá.
“Gbogbo ara mi ló ti ṣèrìbọmi,” ó ní,
“ó ku imú.”
Mo rẹ́rìn-ín. Inú bí mi pé mo rẹ́rìn-ín.

Lola kò fi ipá mú mi.
Ó ya puto kan, àkàrà ìrẹsì funfun báláú,
ó ti etí rẹ̀ bọ ọbẹ̀, ó fi sílẹ̀ lórí àwo mi,
ó sì bá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ.

Kíkan ló kọ́kọ́ dé. Ata tẹ̀ lé e.
Lẹ́yìn wọn, nǹkan kan tó nípọn tó sì dákẹ́.
Ṣé ó dùn?
Ó dùn. Mo bu òmíràn.
Ìtìjú mi nìyẹn, n kò tíì sọ ọ́ fún ẹnì kankan.

Lálẹ́, mo fi ìgbálẹ̀ ha abẹ́ èékánná.
Ọpọ́n Batik ṣì wà létí ọgbà,
omi ìrẹsì ìjẹta nínú rẹ̀. N kò dà á nù.

Ẹlẹ́dẹ̀ mìíràn dé ní oṣù kejì.
N kò sọ ọ́ lórúkọ.
Ó ń gbá mi ní orúnkún.